Àbẹ̀kẹ́, Má Yọ Ìlà Yẹn Kúrò

Bùsọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ náà kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé kó o máa jẹun kó o tó jáde láàárọ̀. Mo ti sọ ọ́. Ó ku tèmi.

Láti Sọ́ńdè tó o ti wá kí wa, tó o sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tuntun yẹn, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi dáadáa mọ́. Ìyá rẹ rò pé ẹ̀wà ló fà á. Mo jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ pè ọ́ lórí fóònù torí mo mọ̀ ọ́. Tí mo bá ti sọ gbólóhùn méjì, wàá ní, "Dádì, mo wà ní mítìnì, ẹ jẹ́ n pè yín padà." Lẹ́tà ni mo kọ, torí o lè kà á tán kó o tó rí mítìnì tó o máa sá sí. O mọ̀ pé mi ò lọ sílé ìwé. Bíbélì ni wọ́n fi kọ́ mi ní ìwé kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Agége. Tí ọ̀rọ̀ mi bá wá ń dún bíi ti wòlíì níbì kan, má bínú, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohun tó o sọ fún wa sọ, kó o lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ yé. O ní ilé iṣẹ́ yín ní GRA ń kó prógíráàmù kan kúrò lórí irú kọ̀ǹpútà kan lọ sórí irú mìíràn, fún kọ́ńpìnì kan tó ń lo ẹ̀rọ ńlá. O ní ìdílé kan náà ni àwọn kọ̀ǹpútà méjèèjì, Yúnìsì ni wọ́n ń pe ìyá wọn. O ní prógíráàmù yẹn máa ń tẹ́ fáìlì sínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà bí ẹni tẹ́ ẹní, wọ́n á wá máa kọ nǹkan sórí ẹní yẹn, bí ẹni pé inú fáìlì gan-an ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. O ní ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé, "Ohun tí mo kọ sí ọ lọ́pọlọ yìí, lọ kọ ọ́ sínú fáìlì nísinsìnyí." Ọ̀gá rẹ wá ní kó o yọ ìlà yẹn kúrò, torí lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yín, bó wà bí kò sí, bákan náà ló rí, ó kàn ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn ni. O ní wọ́n ṣì ń dán ọ wò, wọn ò tíì gbà ọ́ tán, o ò fẹ́ jẹ́ ẹni tó dé tí kò tíì jókòó, tó ti ń bá ọ̀gá jiyàn. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ lẹ máa kó iṣẹ́ náà fún àwọn oníkọ́ńpìnì.

O rẹ́rìn-ín nígbà tó ò ń sọ ọ́. Èmi náà bá ọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó o lọ tán, mo lọ jókòó sẹ́yìn ilé, mi ò lè dìde.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn kìíní: ẹnu nǹkan méjì lè bá ara mu kí inú wọn máà bá ara mu. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ra fóònù, ṣájà ẹ̀ bàjẹ́, mo bá lọ sí Computer Village. Ọkùnrin kan tó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì mú ṣájà kan, ó ki í bọ ẹnu fóònù mi, ó wọlé wọ́ọ́rọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, bí ọkọ àti ìyàwó." Mo gbé e délé. Kí n tó jẹ ẹ̀bà tán, fóònù ti wú bí àkàrà. Mo gbé e padà lọ bá a. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Bàbá, ẹnu wọn ni mo sọ pé ó bá ara mu. Mi ò sọ̀rọ̀ inú."

Mo ní, "Kí ló dé tó ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?"

Ó ní, "Ẹ ò béèrè."

Ó dùn mí, àmọ́ mi ò béèrè lóòótọ́. Ìwọ béèrè, Àbẹ̀kẹ́. Tí wọ́n bá sọ fún ọ pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, béèrè ohun tó wà nínú wọn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá kan náà ni wá, o sì mọ̀ pé wọn kì í fi ẹran síwájú òun kí wọ́n kẹ̀yìn.

Èkejì. Kí n tó wọ kọ́ńpìnì, mo ṣe lébírà fún bíríkìlà kan ní Ìfàkò. À ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún màmá kan. Ọ̀gá mi ní kí n má fi téèpù wọn ibi tí fèrèsé máa wà, kí n ka búlọ́ọ̀kù lọ́tùn-ún, kí n ka iye kan náà lósì, kí n gbé férémù lé e. Mo kà á bó ṣe wí. Àṣé búlọ́ọ̀kù ti tán nígbà tí a dé apá òsì, ọ̀gá ti lọ ra ìyókù lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n móòdù ti ẹnì kejì ga ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ. Iye pé, ògiri ò dọ́gba. Màmá yẹn dé, ó dúró, ó fọwọ́ sí ìbàdí, ó ní, "Bíríkìlà, ṣé fèrèsé lẹ kọ́ fún mi ni, àbí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀?" Wọ́n lé èmi lọ. Ọ̀gá mi ò lé ara ẹ̀.

O ti sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tó fi ń gé ọpọlọ ẹ̀ sí wẹ́wẹ́, òmíràn ń gé e kékeré, òmíràn ń gé e ńlá. Ẹni tó bá kọ ìwọ̀n tibí mọ́ inú iṣẹ́, tó gbé e dé ọ̀hún, fèrèsé ẹ̀ á dọ̀bálẹ̀. O ní èèyàn lè bi kọ̀ǹpútà léèrè ìwọ̀n tiẹ̀, pé ó máa dáhùn. Bi í nígbà gbogbo. Ó ṣàánú rẹ ju bíríkìlà lọ.

Òmíràn tún nìyí, mi ò ka iye mọ́. Ní Oko Ọba, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, gọ́tà kan wà tí mo máa ń gbà kọjá tí mo bá ń lọ ra ẹran. Pákó gígùn kan ló wà lórí ẹ̀. Mo ti tẹ pákó yẹn débi pé ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n ju ojú mi lọ. Lọ́jọ́ kan, mò ń bá ẹnì kan tó wà lẹ́yìn mi sọ̀rọ̀, mi ò wo ilẹ̀. Àṣé alápatà kan ti wá gé ìdajì pákó yẹn lọ fi ṣe tábìlì. Ẹsẹ̀ mi tẹ̀ síwájú, kò bá nǹkan kan. Ohun tó wà nínú gọ́tà yẹn, mi ò ní kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí ọmọbìnrin máa kà. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Èmi wo òkè, torí ibẹ̀ nìkan ló mọ́. Alápatà yẹn wo ìsàlẹ̀, ó ní, "Alàgbà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àná ni mo gé e." Bí ẹni pé tó bá jẹ́ ìjẹta ni, mi ò ní já sínú ẹ̀.

Tó o bá tẹ́ fáìlì tí ẹlòmíràn náà lè fọwọ́ kàn, má gbà pé bó ṣe gùn lánàá náà ló gùn lónìí. Ẹni tó gé e kì í wá sọ fún ọ. O ní tí èèyàn bá tẹ ibi tí fáìlì ò dé mọ́, prógíráàmù á kú síbẹ̀ lójijì. Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi ju bó o ṣe rò lọ.

Mo ti ń sá fún ọ̀rọ̀ tí mo jókòó kọ. Jẹ́ kí n kọ ọ́.

O lè máà rántí Múfú. Bọ̀dá Múfú lò ń pè é. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń súfèé, tí ìyá rẹ bá a jà pé ọmọbìnrin kì í súfèé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Èmi àti ẹ̀ la jọ ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnì ọṣẹ lápá Ọ̀gbà. Ìkòkò ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń po ọṣẹ, èèyàn mẹ́ta lè dúró sínú ẹ̀. Irin bí abẹ̀bẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, òun ló ń ro ọṣẹ. Tí wọ́n bá tú ọṣẹ jáde, èyí tó lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò á gan, ẹnì kan á wá wọ inú ẹ̀ lọ họ ọ́ kúrò. Iṣẹ́ èmi àti Múfú nìyẹn, tó bá kàn mí lónìí, á kàn án lọ́la. Ẹnì kan á wọlé, ẹnì kejì á dúró lẹ́nu ìkòkò, á máa fi okùn fa bọ́kẹ́ẹ̀tì sókè.

Nígbà àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ wọlé, òun fúnra ẹ̀ ló máa lọ yọ fíyúsì abẹ̀bẹ̀ yẹn. Á so ó mọ́ okùn, á gbé e kọ́rùn, á wá wọlé. Kò sẹ́ni tó lè tan abẹ̀bẹ̀ àfi tó bá kọ́kọ́ bọ́ okùn lọ́rùn ẹ. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ wa. Àwọn tó ṣáájú wa ló ń ṣe é, a bá wọn ṣe é. Múfú máa ń ní, "Àwọn olówó ń wọ góòlù sọ́rùn. Ẹ̀mí mi lèmi ń wọ̀."

Kọ̀ǹpútà wá dé. Wọ́n kọ́ yàrá gíláàsì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, wọ́n fi Ìyá Tóbi, òṣìṣẹ́ kan bíi tiwa, síbẹ̀. Tí èèyàn bá fẹ́ wọlé, Ìyá Tóbi á máàkì í lórí kọ̀ǹpútà pé èèyàn wà nínú ìkòkò. Sàámú tó ń tan ẹ̀rọ wà lókè, níbi súìṣì. Kó tó tan nǹkan kan, á kọ́kọ́ wo ojú kọ̀ǹpútà tiẹ̀. Tí Ìyá Tóbi bá ti tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀ báyìí, Sàámú ti rí i lókè. Kò kùnà rí. Mánéjà wá ní yíyọ àti fífi sí ló ń ba fíyúsì jẹ́, pé kẹ́nikẹ́ni má yọ ọ́ mọ́. A gbà. Múfú nìkan ló ṣì ń yọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. A sọ ọ́ ní Àlàájì Ṣéènì. Wọ́n á ní, "Àlàájì Ṣéènì, ṣé ilé góòlù lo ti ń bọ̀ ni?" Ó sú u, òun náà jáwọ́.

Ọdún gorí ọdún. Kọ̀ǹpútà yẹn gbó, wọ́n ra òmíràn. Ìdílé kan náà, àwọ̀ kan náà lójú, ibi tí Ìyá Tóbi ń tẹ̀ ò yí padà. Àwọn tó wá gbé e kalẹ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n mu kóòkì, wọ́n lọ.

Ọ̀sán ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Ó kan Múfú láti wọlé. Ìrẹsì ló ń bú bó ṣe ń gun àkàbà. "Bàbá Bùsọ́lá, òkúta inú ìrẹsì yìí pọ̀ ju ìrẹsì lọ. Mo fẹ́ kó díẹ̀ lọ sílé, mo ní ilẹ̀ kan tí mo fẹ́ kọ́."

Mo ní, "Bu tèmi náà mọ́ ọn."

Ìyá Tóbi kan gíláàsì, ó ní, "Múfú, ṣé kí n máàkì ẹ?"

"Ẹ máàkì mi o, Ìyá Tóbi. Ẹ máàkì mi dáadáa, ìyàwó mi ń retí mi."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ìkòkò. Mo gbọ́ bó ṣe ń họ ọṣẹ, tó ń súfèé. Bọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ gòkè, mo dà á nù. Mo ń sọ ọ́ padà sísàlẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí abẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní kọ ohun tí mo rí fún ọ. Ohun tí mo kàn lè sọ ni pé ariwo abẹ̀bẹ̀ yẹn ò yàtọ̀ sí ti ojoojúmọ́. Ìyẹn ni mi ò tíì lè dárí ẹ̀ jì í.

Wọ́n mú Sàámú. Ó búra pé òun wo kọ̀ǹpútà, pé òun tún un wò, pé ó ní kò séèyàn nínú ìkòkò. Ìyá Tóbi búra pé òun tẹ̀ ẹ́, ó sì fà wá lọ wo ojú kọ̀ǹpútà tiẹ̀. Lóòótọ́, ó ṣì wà níbẹ̀ gàdàgbà pé èèyàn wà nínú ìkòkò. Àwọn méjèèjì tó ti ń jẹun pọ̀ látọjọ́ yìí ń pe ara wọn ní apànìyàn lójú ọlọ́pàá. Ohun tó kọjú sí ẹnì kan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn.

Ẹnjiníà kan tí wọ́n pè láti ìta ló tú u wò. Gbogbo àwọn yòókù bá mánéjà wọlé, èmi nìkan ló kù lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo bi í pé, "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló purọ́?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó purọ́, Bàbá. Ohun tí màmá yẹn tẹ̀, inú ọpọlọ kọ̀ǹpútà ló wà. Inú fáìlì ni ti òkè ti ń kà á. Lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ yín, ọpọlọ àti fáìlì, ọ̀kan náà ni, ohun tó bá wọ ibí ti wọ ọ̀hún. Lórí èyí, ọ̀tọ̀ ni ọpọlọ, ọ̀tọ̀ ni fáìlì. Tẹ́nì kan ò bá sọ fún un pé kó lọ kọ ọ́, ó lè dì í mọ́ra títí tó fi máa wù ú."

"Kí wá ni wọn ò ṣe?"

"Ìlà kan ni. Ìlà tó máa sọ fún un pé kó kọ ọ́ sínú fáìlì."

"Wọ́n gbàgbé ẹ̀ ni?"

Ó ní, "Rárá, Bàbá. Mo rí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó gbé e wá ló yọ ọ́. Lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń dán an wò ní ọ́fíìsì wọn, kò wúlò."

Àbẹ̀kẹ́, o ti rí ìdí tí mi ò fi lè dìde lẹ́yìn ilé.

Wọ́n tú Sàámú sílẹ̀. Kò fọwọ́ kan súìṣì mọ́ dòní. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ó máa jókòó sínú òkùnkùn títí ìyàwó ẹ̀ á fi dé wá tan iná. Ìyàwó Múfú kó àwọn ọmọ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn oníṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn, mi ò rò pé ẹnì kankan sọ fún wọn. Ibi tó dùn mí jù nìyẹn. Bóyá ọmọ jẹ́jẹ́ kan bíi tìẹ ló yọ ìlà yẹn, tí ọ̀gá ní kó yọ ọ́, tó sì lọ sílé lọ jẹun.

Mi ò sọ pé kó o lọ bá ọ̀gá rẹ jà. Ẹnu àgbàlagbà kì í ṣe ibi tí wọ́n ń ki ọwọ́ bọ̀. Rọra lọ bá a. Sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, lórí kọ̀ǹpútà tiwa, òótọ́ lẹ sọ, kò yí nǹkan kan padà. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ dán wò lórí ti àwọn oníkọ́ńpìnì fúnra wọn ká tó yọ ọ́." Tó bá ní kò sáyè, ní kó fọwọ́ sí i fún ọ pé òun lòun ní kó o yọ ọ́. Mo ti ṣiṣẹ́ fún oríṣiríṣi ọ̀gá. Ẹnu wọn yá, ọwọ́ wọn kì í yá bẹ́ẹ̀. Tí bírò bá ti dé iwájú wọn, wọ́n á rántí pé àyè wà.

Bí a bá dé ìlú adẹ́tẹ̀, à á di ìkúùkù. Má fi ọwọ́ títẹ́ rẹ ti ibí lọ kí wọn lọ́hùn-ún. Tí ìlà yẹn bá fa iṣẹ́ sẹ́yìn díẹ̀, jẹ́ kó fà á sẹ́yìn. Mo mọ ẹni tí ì bá dúpẹ́ pé abẹ̀bẹ̀ pẹ́ kó tó tàn.

Tí wọ́n bá tìtorí ẹ̀ dá ọ dúró, máa bọ̀ nílé. Yàrá rẹ wà bó ṣe wà, àfi àpò gààrí tí ìyá rẹ gbé síbẹ̀. A ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan. Ìyá rẹ máa bi ọ́, ṣùgbọ́n má dá a lóhùn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń bẹ̀ ọ́. Kí Mọ́ńdè tó dé, lọ sí kọ́ńpìnì tí ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún yẹn. Má jókòó sí ọ́fíìsì wọn, má mu kóòkì wọn. Sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí ẹ̀rọ wà, béèrè ẹni tó máa ń wọ inú ẹ̀ lọ fọ ọ́. Kí i dáadáa. Bi í ní orúkọ ẹ̀, bi í ní orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀. Tó o bá ti mọ̀ ọ́n tán, tó o padà dé ọ́fíìsì yín, tọ́wọ́ rẹ ṣì lè yọ ìlà yẹn, yọ ọ́. Mi ò ní bá ọ jà. Mi ò kàn ní mọ ẹni tó ń kí mi ní Sọ́ńdè mọ́ ni.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bàbá Bùsọ́lá